Ọ̀gá Sìmẹ́ǹtì àti Fèrèsé Ìyá Ọládùnní

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ta ló ti kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ rí nínú yín, tí wọ́n wá bi í láti inú pé ta ni, kí ló wá ṣe, ṣé ọ̀gá mọ̀ pé ó ń bọ̀?

Bí kò bá ṣẹlẹ̀ sí yín rí, ẹ dúpẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí Adéjùmọ̀kẹ́, ìyá Ọládùnní, ní ọjọ́ Sátidé kan ní Ire-Akari, ní Ìsọlọ̀. Ọdún tí owó Udójì, ẹ̀kúnwó owó oṣù ìjọba, dé ni, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ra rédíò tuntun, tí àwọn tí kò ṣiṣẹ́ ìjọba náà sì ra tiwọn kí ojú má bàa tì wọ́n. Ó gbé iṣu mẹ́ta láti Ìkòròdú, òógùn bò ó, ó kan ilẹ̀kùn tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ní ọ̀dà. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Orí pípá kan yọ jáde.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá. Ṣé ẹ ní àpọ́íntìmẹ́ǹtì?"

"Èmi ni mo ni ilé."

"Mo gbọ́, ìyá. Ẹni tó ni ilé náà máa ń kọ orúkọ. Ìwé àlejò rèé. Ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ ibi tí ẹ ti wá, ẹ kọ ohun tí ẹ bá wá. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ má jẹ́ kó gùn o. Ọ̀gá kì í fẹ́ ohun tó gùn, àyàfi tó bá jẹ́ òun ló ń sọ ọ́."

Ẹ mọ irú ènìyàn tí Adéjùmọ̀kẹ́ jẹ́? Bí ewúrẹ́ bá kàn án lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni yóò bẹ ewúrẹ́. Ó gba bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ohun tí ó bá wá, ó ronú díẹ̀, ó wá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: *Fèrèsé.*

Fèrèsé wo? Ẹ ní sùúrù. Wọn yóò jẹ́ kó jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, nítorí náà àyè wà fún mi láti sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ilé náà, fúláàtì òkè ni: yàrá méjì, pálọ̀ ńlá kan, ilé ìdáná kan. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè, ló fi í sílẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n gbé Adéjùmọ̀kẹ́, tó jẹ́ tíṣà, lọ sí ilé-ìwé kan ní Ìkòròdú, tí wọ́n sì fún un nílé níbẹ̀, ó fi yàrá kan sílẹ̀ fún Wàsílátù, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀. Ó wá ń wá ẹni tí yóò gba yàrá kejì àti pálọ̀ fún ọdún kan. Ọdún kan géérégé. Kò fẹ́ kó fi ọjọ́ kan lé, nítorí ó ti ṣe ìlérí.

Ìyá rẹ̀ ló ṣe é fún, Ìyá Àgbà Tinúadé, tó wà ní Ìjerò-Èkìtì. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà, Adéjùmọ̀kẹ́ sọ fún un pé bàálù tó bá ń lọ balẹ̀ ní Ìkẹjà máa ń kọjá lórí ilé òun, ó máa ń rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè jókòó ní pálọ̀ kó rí ikùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ìyá Àgbà dá ọwọ́ dúró. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, bí abẹ́rẹ́ ló ṣe máa ń rí bàálù lókè réré.

"Ikùn rẹ̀?"

"Ikùn rẹ̀ gan-an, Màámi. Tòun ti táyà."

"Nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, àti èyí tí òyìnbó dá kún un, ikùn bàálù nìkan ló kù tí mi ò tíì rí. Ojú ọ̀tún mi sì ti lọ. Dókítà Adó ní ti òsì yóò tẹ̀ lé e kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí."

"Mo ṣèlérí, Màámi. Ọdún kan ni mo máa fi pálọ̀ yẹn háyà. Tó bá ti pé, ẹ óò wá bá wa gbé, àga yín yóò sì wà lójú fèrèsé."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá náà tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán an pé kó bá wọn kí bàálù.

Báyìí ni Ọ̀gbẹ́ni Felix Babáṣọlá ṣe wọlé. Ẹ wo ọjọ́ tó wá wo ilé! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. "Àǹtí mi, ọdún kan tí ẹ sọ yẹn, mo lè má lò ó tán." Akọ̀wé kékeré ni nígbà náà, ó tín-ín-rín, ó ń jẹ gààrí, ó ń fọ àwo. Kò sì ṣe ohun tí àwọn ayálégbé máa ń ṣe, pé kí wọ́n máa sá fún onílé. Owó ilé rẹ̀ máa ń ṣáájú oṣù dé ni. Ẹ má rò pé owó ni ẹjọ́ wa o. Ì bá ṣe pé owó ni, ì bá rọrùn.

Oṣù kẹrin ni wọ́n gbé e ga. Wọ́n sọ ọ́ di Igbákejì Olùrànlọ́wọ́ fún Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Ìwé Àṣẹ Sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó bá wà ní Èkó nígbà yẹn yóò rántí: ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ǹtì tò lọ lójú omi bí èrò níwájú dókítà, síbẹ̀ ènìyàn kò lè rí àpò kan gbé láìsí ìwé. Gbogbo ayé ló sì ń kọ́lé. Ẹni tó ní ilẹ̀ ń kọ́lé, ẹni tí kò ní ilẹ̀ ń kọ́ ti ẹlòmíràn. Ìwé náà kò sì ní agbára láìsí òǹtẹ̀, òǹtẹ̀ náà, nínú àpò Felix ló wà.

Ah! Ohùn rẹ̀ yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó di ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanra láti ìbàdí lọ sókè. Bí ó bá ń bọ̀, ikùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé, a ó wá máa retí òun fúnra rẹ̀. Ó mú akọ̀wé kan wálé láti ọ́fíìsì, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, bàbá olórí pípá tí ẹ rí lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó ti ń retí ìgbéga láti ayé òyìnbó. Iṣẹ́ Olúsànyà ni láti ka oyè ọ̀gá rẹ̀ sókè bí ọ̀gá bá sín.

Ó wá ya fọ́tò. Àgbádá ló wọ̀, ó gbé ọwọ́ lé tẹlifóònù kan tó jẹ́ ti onífọ́tò, wáyà rẹ̀ kò sì kan ibì kankan. Fọ́tò yìí, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Níbo ló gbé e sí? Ojú fèrèsé pálọ̀ ni, ó kọ ojú rẹ̀ síta, ó sì fi kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì tì í lẹ́yìn kí atẹ́gùn má bàa gbé ọlá rẹ̀ ṣubú. Àwọn kọngílá tó ń wá ìwé sìmẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nísàlẹ̀ láràárọ̀, wọ́n ń ṣí fìlà fún un. Obìnrin kan tó ń kọ́lé sí Ẹ̀jìgbò kúnlẹ̀ fún un nínú ẹrọ̀fọ̀. Fọ́tò kò dáhùn, wọ́n ní ìwà àgbà ni.

Inú pálọ̀ wá ṣókùnkùn bíi inú ìkòkò. Iná ni wọ́n ń tàn lọ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí bẹ́ǹṣì. Adéjùmọ̀kẹ́ jókòó sáàárín kọngílá méjì, iṣu rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Wàsílátù ti ibi iṣẹ́ dé, òwú funfun ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ye! Àǹtí mi! Ẹ̀yin ni wọ́n fi jókòó síbí? Nínú ilé yín?"

"Má pariwo, Wàsí. Wọ́n ní mo jẹ́ ẹnì kẹta."

"Ẹnì kẹta kẹ̀! Àǹtí, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ẹ wá wo ara ògiri ilé ìdáná." Ó fà á lọ́wọ́ dé ibẹ̀. Ìwé kún ara ògiri. Ó ka ọ̀kan, ó ń fi ohùn Felix kà á. "Mẹ́mò Kẹrìnlá. Nípa Ata. A ti ṣàkíyèsí pé ata tí ayálégbé kan ń dín ń wọ imú ìjọba. Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ dín ata yóò kọ lẹ́tà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, yóò sì sọ iye rodo. Ẹ̀dà kan fún fáìlì. Ẹ̀dà kan fún ilé ìdáná."

"Imú ta ni imú ìjọba?"

"Èmi náà bi í. Ó ní imú òun ni. Àǹtí, mo kọ lẹ́tà lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé mo fẹ́ dín ata ní Ọjọ́bọ̀. Ó dá a padà, ó ní mi ò fi ààyè sílẹ̀ fún òǹtẹ̀!"

Adéjùmọ̀kẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí fèrèsé, ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu. Ìgbà yẹn ni Olúsànyà ké pe orúkọ rẹ̀.

Felix jókòó lẹ́yìn tábìlì nínú òkùnkùn pálọ̀, gílóòbù kan ń tàn sí i lórí.

"Ìyá Ọládùnní! Ìjọba kí yín káàbọ̀. Ẹ jókòó. Rárá, àga yẹn ti kọngílá ni. Ẹ dúró díẹ̀. Mo rí i pé fèrèsé ni ẹ kọ. Ọ̀rọ̀ ńlá ni fèrèsé. Orílẹ̀-èdè tí kò bá ní fèrèsé, báwo ni yóò ṣe ríran?"

"Ó ríran!" ni Olúsànyà ké láti ẹ̀yìn.

"Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá, ọdún kan tí a jọ sọ ti pé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màámi ń bọ̀ láti Èkìtì. Ojú wọn ò dá mọ́. Mo fẹ́ gba pálọ̀."

"Ọdún." Felix di ojú. "Ọdún ta ni? Ọdún òjò ni, àbí ọdún ọjà? Ọdún ti ìjọba, oṣù kẹrin ló ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi ti ìjọba kà á, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Àmọ́ èmi kì í ṣe ìkà ènìyàn. A ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Èmi ni alága. Olúsànyà ni akọ̀wé. Kí iye wa má bàa jẹ́ méjì, fọ́tò mi ni ọmọ ìgbìmọ̀ kẹta."

Mo bura, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wí. Wọ́n jókòó lójú ẹsẹ̀, wọ́n dìbò. Felix na ọwọ́, Olúsànyà na ọwọ́. Wọ́n yí padà wo ẹ̀yìn fọ́tò. Olúsànyà kọ ọ́ sílẹ̀ pé fọ́tò kò ta kò ó. Ìpinnu wọn rèé: pálọ̀ kò ṣeé dá padà, nítorí pé ojú ìjọba ló wà lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n nítorí àánú, ìyá arúgbó náà lè dúró ní ọ̀nà ilé ìdáná kó máa wo òkè, ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, láti aago méjì sí aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kó mú fọ́tò pélébé mẹ́ta wá, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọba ìlú rẹ̀. Bí bàálù kankan kò bá kọjá lásìkò náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ìjọba lẹ́bi.

"Ẹ ṣeun," ni Adéjùmọ̀kẹ́ wí. Ṣé ẹ rí i? Ó tún dúpẹ́! Ó fi iṣu sílẹ̀ fún Wàsílátù, ó sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ó gbé ojú sókè wo fèrèsé rẹ̀, Felix ńlá ń wò ó láti òkè, ọwọ́ lórí tẹlifóònù. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Olúwa," ó wí jẹ́jẹ́, "mi ò ní kí ẹ pa á. Ẹ ṣá bá mi ṣí fèrèsé."

Oṣù méjì kọjá báyìí. Gbogbo ìgbà tó bá lọ, ìgbìmọ̀ yóò jókòó, fọ́tò kò ní ta kò ó. Láàárín ìgbà yìí, Felix kọ lẹ́tà kan sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ di ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí mú dáadáa. Ó fẹ́ kí ìjọba fún òun ní ilé ńlá ní Ìkòyí, ilé fún ẹni tí kò ní ibùgbé nìkan ni wọ́n sì ní àwọn ń fún. Ó wá kọ ọ́ pé òun kò ní òrùlé lórí, pé orí bẹ́ǹṣì nínú ilé ìdáná opó kan ní Ìsọlọ̀ ni òun ń sùn, tí eku ń rìn kọjá lórí òun. Ó fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò sí ìwé tí Felix rí tí kì í tẹ̀ lóǹtẹ̀. Wàsílátù ní ó tẹ bébà tí wọ́n fi di àkàrà lóǹtẹ̀ rí.

Ìjọ tí Adéjùmọ̀kẹ́ ń lọ ní Ìsọlọ̀ fẹ́ ṣe ìkórè. Wọ́n ń kọ́ yàrá ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ dúró sí ibi ògiri nítorí àìsí sìmẹ́ǹtì. Ta ni kí wọ́n fi ṣe Alága Ìkórè? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Felix sì pe ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́lá, kó wá wo bí ayé ṣe ń wárí fún òun, bóyá yóò tètè fọwọ́ sí ilé Ìkòyí. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́lá tín-ín-rín bí igi ìṣáná, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lásìkò yẹn, ìjọba tuntun ń yọ òṣìṣẹ́ níṣẹ́ lórí rédíò. Ènìyàn á máa jẹun lọ́wọ́, yóò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ìròyìn aago mẹ́rin, òkèlè á di òkúta. Kò sí òṣìṣẹ́ tí kì í gbọ̀n bí ó bá gbọ́ pé "a ń fẹ́ yẹ fáìlì rẹ wò."

Ọ̀sẹ̀ ìkórè náà ni Ìyá Àgbà Tinúadé sọ̀kalẹ̀ láti Èkìtì, kò dúró de ẹnikẹ́ni. "Ojú òsì ti ń ṣe kúrukùru," ó wí. Ọ̀dọ̀ ìyá ìjọ kan ni wọ́n fi í wọ̀ sí. Adéjùmọ̀kẹ́ kò tíì ní ẹnu láti sọ fún un pé kò sí fèrèsé.

Lọ́jọ́ ìkórè, àwọn méjèèjì jókòó lẹ́yìn. Felix wà lórí àga gíga níwájú, ọ̀gá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pásítọ̀ sọ bí Ẹgbẹ́ Ìyá Àgbà tó ń gbàdúrà ní àràárọ̀ Ìṣẹ́gun ṣe ń jókòó sínú oòrùn báyìí nítorí yàrá tí kò ní òrùlé. Kọngílá kan dìde, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ páànù. Ìjọ bú sáyọ̀. Wọ́n kọrin fún kọngílá. Wọ́n tún un kọ.

Ẹ̀yin ènìyàn, ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún Felix. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó fò dìde.

"Páànù! Ẹ̀ ń kọrin nítorí páànù! Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má sunkún mọ́!" Kò sí ẹni tó ń sunkún. "Èmi, Felix Babáṣọlá, Igbákejì Olùrànlọ́wọ́ fún Ọ̀gá Àgbà..."

"Ẹ̀ka Ìwé Àṣẹ Sìmẹ́ǹtì!" ni Olúsànyà bá a parí rẹ̀.

"...mo fi ilé mi sílẹ̀! Ilé mi ní Ire-Akari, tí mo fi òógùn ojú mi kọ́, tí mo to búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan! Pálọ̀ mi tó dára bí ààfin, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí lọ, ó di ti àwọn ìyá wa títí Olúwa yóò fi dé!"

Halelúyà sọ òrùlé nù. Àwọn ìyá arúgbó ń jó. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́lá nìkan ni kò jó. Ó tẹ̀ sí etí Felix.

"Ilé yín ni, Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá?"

"Tèmi ni, sà! Láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé!" Ìyìn ti pa á bí ọtí. Kò rántí lẹ́tà, kò rántí bẹ́ǹṣì, kò rántí eku.

Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, Ìyá Àgbà fi ìgúnpá gún ọmọ rẹ̀. "Jùmọ̀kẹ́. Ulé rẹ kọ́ nìyẹn?" Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Èkìtì ṣe ń pe ilé.

"Òun ni, Màámi."

"Ó wá fi í ta wá lọ́rẹ?"

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, Màámi."

Nínú ìjọ wọn, ẹ̀jẹ́ tí wọ́n bá kọ sílẹ̀, wọn yóò máa kà á ní ìfilọ̀ lọ́jọ́ọjọ́ Ìsinmi, sójú gbogbo ènìyàn, títí olúwa rẹ̀ yóò fi san án. Èyí tí wọn kò bá kọ, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Ti àwọn ènìyàn ńlá, wọn kì í sáábà kọ ọ́. Adéjùmọ̀kẹ́ tọ akọ̀wé ìjọ lọ.

"Ẹ kọ páànù sílẹ̀. Ti Alága ńkọ́?"

"Ìyá Ọládùnní, ẹ ò mọ̀ pé inú dídùn ló ń sọ yẹn?"

"Ẹ bá mi kọ ọ́, sà. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ni. Ẹ má fi kún un."

Akọ̀wé kọ ọ́. Ó gbé e lọ bá Alága kó fọwọ́ sí i. Felix, tí obìnrin méje ń kí lẹ́ẹ̀kan náà, rí bébà níwájú rẹ̀. Kí ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe? Kò kà á. Ó fa òǹtẹ̀ yọ nínú àpò àgbádá, ó tẹ̀ ẹ́ gbà! Òǹtẹ̀ sìmẹ́ǹtì ti ìjọba, lórí ẹ̀jẹ́ ìkórè. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́lá wo òǹtẹ̀ náà, ó wo Felix, ó sì tọrọ ẹ̀dà kan.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje, ìyá arúgbó mẹ́rìnlá ń gun àtẹ̀gùn Ire-Akari bọ̀, àpótí ìjókòó lórí, ìwé orin lábíyá. Ìyá Àgbà Tinúadé ló ṣáájú, Adéjùmọ̀kẹ́ àti akọ̀wé ìjọ ló kẹ́yìn. Olúsànyà ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ìyá. Ṣé ẹ ní àpọ́ín..."

Wọ́n gbà á kọjá bí omi ṣe ń gba ara òkúta kọjá, orin lẹ́nu wọn. Felix yọ láti yàrá, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, pàùdá funfun lójú àti lọ́rùn rẹ̀.

"Kí lèyí? Ta ló fún yín láṣẹ?"

Akọ̀wé ìjọ na ìwé sí i. "Ẹ̀yin ni, Alága. Òǹtẹ̀ yín rèé."

"Hẹn-ẹn... a ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n," ni Wàsílátù ké láti ilé ìdáná, "ṣé fọ́tò náà máa fọ ojú kó tó jókòó, àbí bí ẹ ṣe wà yìí náà ni?"

Àwọn ìyá ti ń to àpótí wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ ìró bàtà lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́lá wọlé, fáìlì kan lábíyá rẹ̀. Ó kí àwọn ìyá, ó ṣí fáìlì, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ka lẹ́tà bẹ́ǹṣì síta, tòun ti eku. Ó wá gbé ẹ̀jẹ́ ìkórè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ kan, òǹtẹ̀ kan," ó wí. "Wọn ò lè jọ jẹ́ òótọ́. Bí ilé bá jẹ́ tìrẹ, ìjọba lo parọ́ fún, fáìlì rẹ á sì débi tí ìròyìn aago mẹ́rin ti ń wá. Bí ilé kò bá jẹ́ tìrẹ, Ọlọ́run lo parọ́ fún, àwọn ìyá yìí á bá ọ sọ ọ́. Ilé ta ni?"

Felix wo Olúsànyà. Olúsànyà ń wo àjà bí ẹni tó ń ka páànù. Felix wo Adéjùmọ̀kẹ́ tó dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, ó kúnlẹ̀ lórí orókún méjèèjì.

"Àǹtí mi. Ẹ gbà mí. Kí ni kí n ṣe?"

Tẹ́lẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n, ì bá ti bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ yẹn kò bẹ ewúrẹ́ kankan.

"Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá, mo ti kọ ohun tí mo bá wá sínú ìwé yín láti oṣù méjì. Ẹ ní kò gbọdọ̀ gùn. Kò gùn."

Felix dorí kodò. "Ilé... ilé Ìyá Ọládùnní ni."

"Mi ò gbọ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́lá wí. "Àwọn tó ń ṣí fìlà nísàlẹ̀ náà kò gbọ́. Ṣí fèrèsé kí o sọ fún wọn."

Felix fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì sẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé Felix ńlá kúrò lójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ya wọlé, gbogbo ènìyàn pa ojú dé. Nísàlẹ̀, àwọn kọngílá rí i tí ọ̀gá ń rì lọ sísàlẹ̀ fèrèsé díẹ̀díẹ̀, tẹlifóònù rẹ̀ kẹ́yìn, tí ọkùnrin kan tó kun pàùdá yọ orí jáde dípò rẹ̀.

"Ilé Ìyá Ọládùnní ni o!" ni ọkùnrin náà ké.

"Ta nìyẹn?" ni kọngílá kan bi èkejì.

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Bóyá ó ń kun ilé fún ọ̀gá ni." Wọ́n dé fìlà wọn padà.

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbọ́lá na àtẹ́lẹwọ́. Felix fi òǹtẹ̀ sí i. Ẹ ò lè gbàgbọ́ bí ọkùnrin ṣe lè rù láàárín ìṣẹ́jú kan. "Lẹ́tà rẹ ní orí bẹ́ǹṣì nínú ilé ìdáná opó lò ń sùn," ni ọ̀gá wí. "Kí ó lè jẹ́ òótọ́, bí opó bá gbà, ibẹ̀ ni kí o wà títí Ọjọ́ Ẹtì, tí ìwé tí a ó fi gbé ọ lọ sí ibòmíràn yóò jáde."

Opó gbà. Aláàánú ni. Bẹ́ẹ̀ ni Igbákejì Olùrànlọ́wọ́ ṣe sun orí bẹ́ǹṣì fún ọjọ́ mẹ́ta, abẹ́ Mẹ́mò Kẹrìnlá ni orí rẹ̀ wà. Láràárọ̀ ni Wàsílátù ń dín ata. Kò kọ lẹ́tà. Imú ìjọba sín títí, kò sì sí ẹni tó ń ka oyè rẹ̀ mọ́, nítorí Olúsànyà ti ń tẹ̀ lé ẹni tó gba òǹtẹ̀. Ní Ọjọ́ Ẹtì wọ́n gbé Felix lọ sí ibùdó kan lẹ́bàá omi, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka àpò sìmẹ́ǹtì tó ti ṣófo. Fọ́tò kò wọ inú mọ́tò tó wá kó o. Wàsílátù fi bo àgò adìyẹ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kí òjò má bàa pa wọ́n.

Ṣùgbọ́n mo ti sáré kọjá àárọ̀ Ìṣẹ́gun yẹn. Ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀.

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin ìyá," ni Adéjùmọ̀kẹ́ wí fún àwọn mẹ́rìnlá tó ti ń gbé àpótí wọn. "Ẹ̀jẹ́ ti di jíjẹ́. Kì í ṣe ẹnu mi ló jẹ́ ẹ, ilé mi á san án. Ìṣẹ́gun-Ìṣẹ́gun, ẹ máa bọ̀." Ó gbé àga Màámi rẹ̀ sójú fèrèsé.

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin. Bàálù kò kọjá. Wọ́n kọ orin tí wọ́n mọ̀ tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọn kò mọ̀. Bàálù kò kọjá. Aago mọ́kànlá lù. Ìyá Àgbà kò kúrò lórí àga, ojú òsì rẹ̀ kò kúrò lójú ọ̀run. Adéjùmọ̀kẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó má lọ jẹ́ pé òní ni bàálù máa gba ọ̀nà ibòmíràn!

Ìgbà tó yá, àwo nínú ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìró kan ń bọ̀ láti apá àdúgbò Aswani, ó ń pọ̀ sí i, ó ń pọ̀ sí i, títí orin fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ó yọ! Ó bo ojú fèrèsé pátá, ó funfun, ó gùn, ó rẹlẹ̀ bí ẹni pé yóò wọlé wá jókòó pẹ̀lú wọn. Ìyá Àgbà dìde dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i.

"Ẹ kú ìrìn o! Ìyá Felicia ní kí n kí yín! Ìyá Adéyẹyè ní kí n kí yín! Gbogbo Ìjerò kí yín o!"

Ó kọjá. Àwo dákẹ́. Ìyá Àgbà rọra jókòó, ó nu ojú òsì rẹ̀.

"Jùmọ̀kẹ́."

"Màámi."

"Ikùn àti táyà lo ṣèlérí fún mi. O ò sọ fún mi pé ó ní ẹsẹ̀."

"Ẹ má bínú, Màámi."

"Mi ò bínú. Gbé àga tìrẹ wá síbí. Èyí tó kàn, a jọ máa rí i ni."

Ó gbé àga tirẹ̀ wá, ó fi í ti ti ìyá rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ojú fèrèsé gan-an, níbi tó ti sọ fún un lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà pé yóò wà.